Ẹyin Lohùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkó Àwo Orin Àtijọ́ Jọ

Àwo orin ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ní alẹ́ òní. Kì í ṣe gbogbo àwo orin ni mo ní lọ́kàn. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nígbà tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orin rẹ̀, èyí tí ó ti di ọ̀wọ́n lónìí, tí àwọn kan sì ń wá kiri bí ẹni ń wá góòlù. N ó máa pe irú àwo bẹ́ẹ̀ ní àkọ́tẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tún tẹ̀ lẹ́yìn náà, àtúntẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọ́ nípa ìwé.

Olóòtú ètò yìí ti bi mí léèrè kí a tó wọlé pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nídìí giramafóònù. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa èdè Látìn a máa lọ sí ibi tí ìwé àtijọ́ wà. Ti èdè Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé wa kò tíì pẹ́ púpọ̀: ọdún 1843 ni Àjàyí Crowther gbé ìwé tí ó fi kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ jáde, láti ìgbà náà títí di òní, lẹ́tà kò lè gbé gbogbo ohun tí ohùn ń gbé. Ibi tí apohùn ti mí, bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń fa ọ̀rọ̀, bí ará Èkìtì ṣe ń gé tirẹ̀, bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò láàárín gbólóhùn gígùn, etí ni ó ń gbọ́ wọn. Ojú kò lè rí wọn lórí tákàdá. Bí a bá fẹ́ mọ bí àwọn baba wa ṣe ń fọhùn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwo ni ìwé tí a ó ṣí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ àwo, nítorí ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní mọ ìdí tí àkọ́tẹ̀ fi yàtọ̀ sí àtúntẹ̀. Ní ayé téèpù, wọn a kọ́kọ́ gba ohùn olórin sílẹ̀ sórí téèpù. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kan tí ó ní abẹ́rẹ́ mímú a gba ohùn inú téèpù náà, a sì fi kọ ìlà sára páńda pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti fi ọ̀dà rírọ̀ kùn. Ìlà kan ṣoṣo ni ìlà náà, tí ó ń pòyì láti etí títí wọ àárín. Wọn a fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, wọn a rì í sínú omi tí a fi níkẹ́ẹ̀lì sí, wọn a sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú omi náà kọjá títí tí níkẹ́ẹ̀lì yóò fi dì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bó níkẹ́ẹ̀lì yìí kúrò, wọ́n ti rí bàbá nìyẹn. Ibi tí ó jẹ́ kòtò lára àwo rírọ̀ ti di òkè lára bàbá. Lára bàbá ni wọ́n ti ń mú ìyá, lára ìyá ni wọ́n ti ń mú òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ yìí ni ó sì ń tẹ àwo tí à ń rà lọ́jà. Kí ẹ má rò pé èmi ni mo fi bàbá àti ìyá ṣe àpèjúwe o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ náà ń pè wọ́n.

Òǹtẹ̀ a máa gbó. Bí ó bá ti tẹ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún àwo tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, wọn a sì tún mú òmíràn lára ìyá. Téèpù náà a máa gbó: a máa ṣí, a máa lẹ̀ mọ́ra, ohùn orí rẹ̀ a sì máa rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ tún orin kan tẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, tí bàbá ti bàjẹ́, tí ìyá sì ti sọnù, orí téèpù tí ó ti darúgbó ni wọn yóò padà sí. Bí téèpù kò bá sí mọ́, wọn yóò wá ẹyọ àwo kan tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnì kan, wọn yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ gé ariwo híhọ rẹ̀ kúrò. Àwa tí a ń kọ́ nípa ìró ohùn mọ ohun tí ó burú níbẹ̀. Ibi tí ariwo híhọ ń gbé, ibẹ̀ gan-an ni ìró "s" àti "f" ń gbé pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ọ̀bẹ gé ọ̀kan yóò gé èkejì mọ́ ọn. Orin á mọ́ tónítóní létí, ṣùgbọ́n bí ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká ni olórin yóò máa dún.

Àwọn àwo wa tí ó lọ́jọ́ lórí jù lọ kò tilẹ̀ bá téèpù pàdé rárá. Kì í ṣe ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Oje kòkòrò kan tí ń gbé lára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n pò mọ́ òkúta lílọ̀ àti èédú. Àwo bẹ́ẹ̀ a máa yí ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, orin tí ó sì lè gbà ní ojú kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ó wúwo, ó le, kò sì ṣe é tẹ̀. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó di èérún. Àwọn àgbà sọ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò rí àwo giramafóònù rí, ṣùgbọ́n ó bá a wí.

Nínú irú àwọn àwo wọ̀nyí, èyí tí mo kà sí olórí gbogbo wọn fún ìmọ̀ èdè ni àwọn tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Orin tí ó kọ sínú wọn lé ní 40. Bàbá àgbà Fẹlá ni, Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1855, ó sì kú ní 1930. Ẹ bá mi fi ọkàn ṣírò rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ni ọkùnrin yìí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di tiwọn ní 1861. Ọdún 12 péré ni ó wà láàárín ìbí rẹ̀ àti ìwé Crowther tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́nu àwọn tí a bí nígbà ogun àti ọ̀tẹ̀ ni ó ti kọ́ Yorùbá tí ó ń sọ, ohùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀, a lè gbọ́ ọ lónìí.

Ohun mìíràn tún wà nínú àwọn orin náà. Ní ayé ìgbà yẹn, orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè á wálẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó wálẹ̀ á fò sókè, tí ìtumọ̀ á sì dàrú pátápátá. Ransome-Kuti mú ohùn orin ilẹ̀ wa wọ ilé ìjọsìn, ó jẹ́ kí orin tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ àwọn orin rẹ̀ nínú ìwé lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo náà ni ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gba ohùn náà, nítorí ó kan ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé nínú rẹ̀. Ní 1922, ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníná kò tíì dé ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ó di 1925 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹnu fèrè ńlá kan ni olórin ń kọrin sí, agbára èémí rẹ̀ nìkan ni ó sì ń mi abẹ́rẹ́ tí ń kọ ìlà. Ìró tí ó wà láàárín ni fèrè bẹ́ẹ̀ ń gbọ́. Kì í gbọ́ ìró tí ó rẹlẹ̀ gan-an, kì í sì í gbọ́ èyí tí ó mú gan-an. Nítorí náà, ìlù ńlá kì í dún dáadáa lórí irú àwo bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣòro láti mọ ìyàtọ̀ láàárín "s" àti "ṣ". Ṣùgbọ́n àárín yìí gan-an ni ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń dún ketekete. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó: ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ṣe fún èdè tí kò ní ohùn ni ó wá gba ohùn tiwa mọ́ jù lọ. Bí àwo náà bá yí jù tàbí tí kò yí tó, ohùn olórin yóò kéré tàbí kí ó nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n òkè yóò ṣì wà lókè ìsàlẹ̀. Ohùn èdè wa kì í dá dúró, ara wọn ni wọ́n fi ń wọn ara wọn.

Lẹ́yìn Ransome-Kuti, Zonophone tẹ ọ̀wọ́ àwo kan fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1920, tí lẹ́tà EZ ṣáájú nọ́ńbà wọn. Domingo Justus, ọmọ Èkó, wà nínú àwọn tí wọ́n gba ohùn wọn fún un ní 1928. Ní àwọn ọdún 1930, Parlophone gba ohùn Túndé King, ẹni tí ọ̀pọ̀ kà sí bàbá jùjú. Àwo onífífọ́ ni gbogbo wọn, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó.

Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n yìí ni wàhálà kan ti bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ tiwa ní ilé ẹ̀kọ́ èdè. Àwọn atẹ̀wé tí ń tẹ bébà àárín àwo kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, wọn kò sì ní àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé OKO ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ṣé oko tí a ń lọ ro ni, àbí ọkọ ìyàwó? Ṣé ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń lò ni, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀? Ẹni tí ó ń tọ́jú àwo ní òkè òkun tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kọ OKO sínú ìwé rẹ̀, yóò sì gbé àwo sórí pẹpẹ. Kò ṣe ohun tí kò tọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tí orin náà ń sọ títí tí ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè yóò fi gbé abẹ́rẹ́ lé e. Bí a bá rí "aiye" tàbí "enia" lórí àwo, a lè fura pé ó ti wà ṣáájú 1974, ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ẹ má fi èyí búra o, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ orin ni kò bìkítà fún àkọtọ́ nígbà náà, wọn kò sì bìkítà fún un lẹ́yìn ìgbà náà.

Kí wá ni ó ń sọ àwo di ọ̀wọ́n? Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwo tí ó ṣọ̀wọ́n sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò tà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, àwọn ènìyàn kò rà á, àwọn díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù sì wà nínú páálí wọn bí ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ẹ̀rọ jáde. Tiwa yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìfẹ́ ni ó ń pa àwo. Ní 1971, Hárúnà Ìshọ̀lá gbé Oroki Social Club jáde. Òróki, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, ni a fi ń ki Òṣogbo. Ohun tí gbogbo ayé ń wí ni pé àwo náà tà ju mílíọ̀nù 5 lọ. Iye yẹn pọ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé kò tà rẹpẹtẹ. Ẹ wá lọ wá ẹyọ kan tí kò họ. Ibi ìkómọ ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé e lọ síbi ìsìnkú àgbà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ọtí. Eruku ọyẹ́ bà á, oòrùn pa á lójú fèrèsé, àwọn ọmọ fi ọwọ́ ọbẹ̀ gbá a mú. Ní ti àwọn àwo onífífọ́, abẹ́rẹ́ irin tí wọ́n fi ń lù wọ́n, ojú àwo kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a lò ó fún kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé tí abẹ́rẹ́ kan ti ṣe àríyá láti alẹ́ Sátidé títí di òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kú, ọ̀bẹ ni ó ń dà nínú ìlà àwo.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ojú àwo túbọ̀ wálẹ̀. Ní 1986, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tuntun ti mú owó náírà jábọ́, ohun èlò tí ó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí títẹ àwo fi dáwọ́ dúró nílẹ̀ wa. Àwo tí ó wà nílé wá di ẹrù lásán. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ di abọ́ tí wọ́n gbin òdòdó sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín tí yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí kò fi tó kí a sáà ní orin náà lọ́wọ́. Ní 1948, Hárúnà Ìshọ̀lá kọ àwo kan fún His Master's Voice nípa Ọba Adébóyè, Orímolúṣì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba náà ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, Ìshọ̀lá tún orin náà kọ ní 1955, ìgbà yìí ni ó tà, tí orúkọ akọrin àpàlà yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ìwé tí ó bá kàn sọ pé "orin Orímolúṣì" kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Èwo nínú méjèèjì? Ọba tí ó wà lórí oyè ni a ki ní àkọ́kọ́, ọba tí ó ti wàjà ni a ki ní èkejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ki ènìyàn ní Yorùbá mọ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kíki alààyè àti kíki ẹni tí ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ a máa yí, ohùn náà a sì máa yí. Èyí tí kò tà ni ó ṣọ̀wọ́n jù, òun náà sì ni ó yẹ kí a wá jù, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí a mọ ohun tí ikú fi kún orin náà.

Gígùn àwo pàápàá kó ipa tirẹ̀ nínú ọ̀nà tí a gbà ń kọrin. Ìṣẹ́jú 3 kò tó ki ènìyàn kan dáadáa. Akọrin tí ó bá ń kọ sórí àwo onífífọ́ ní láti gé oríkì, kí ó mú orúkọ tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ó sì sá jáde kí ìlà tó tán. Ní 1948, Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo onírọ́bà tí ń yí ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta jáde, tí ojú rẹ̀ kan lè gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí irú àwo yìí gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olórin wa, òde àríyá ni wọ́n gbé sínú rẹ̀: orin kan ń wọ inú òmíràn láìdúró, wọ́n ń ki ẹgbẹ́ tán, wọ́n ń ki olóyè, ìlù ń bá wọn lọ títí tí àwo yóò fi tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí Island, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Juju Music ti King Sunny Adé jáde ní 1982, orin 7 ni wọ́n pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró ní tirẹ̀. N kò sọ pé ó burú. Àwo náà gbé orúkọ jùjú dé ibi tí kò dé rí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ jùjú láti inú èyí nìkan kò tíì mọ bí ó ṣe ń rìn nílé. Bákan náà ni Zombie ti Fẹlá. Lórí àkọ́tẹ̀ tí Coconut gbé jáde ní 1976, Zombie wà lójú kìíní, Mr. Follow Follow wà lójú kejì, ó tán. Àwọn àtúntẹ̀ kan ti fi orin mìíràn kún un, tí olùgbọ́ yóò fi rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe tò ó.

Báwo ni a ṣe lè mọ àkọ́tẹ̀? Àwọn oníṣòwò ní ọgbọ́n tiwọn, àwọn ayédèrú náà sì pọ̀. Láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín àwo, àyè dúdú kan wà tí kò ní orin. Bí a bá yí àwo sí ìmọ́lẹ̀, a ó rí nọ́ńbà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ họ tàbí tí wọ́n lù sí i. Nọ́ńbà yìí ni orúkọ àmútọ̀runwá àwo. Bébà lè yí, páálí lè yí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ìlà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e sábà máa ń yí pẹ̀lú. Ẹ fi wé nọ́ńbà tí ó wà lórí bébà. Lórí àwo ńlá Decca tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa, WAPS ni ó máa ń ṣáájú nọ́ńbà. Nígbà tí ó di ti Afrodisia, ó di DWAPS. Nítorí náà, bí orin kan bá ti jáde lábẹ́ WAPS, tí ẹ sì rí i lábẹ́ Afrodisia, àtúntẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fi páálí kan hàn yín pé ti 1971 ni, tí ẹ sì rí àmì onílà dúdú àti funfun tí ẹ̀rọ ìtajà ń kà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ ka àmì yẹn nígbà àkọ́kọ́ nínú ilé ìtajà, ní Amẹ́ríkà.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tí ó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo wa ti kúrò nílé. Àwọn olùrà láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan ti wá sí Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ti ra àwo lẹ́rù-lẹ́rù. British Library ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkójọ àwo tí Decca ṣe fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n kó orin jùjú àtijọ́ jọ sínú Juju Roots ní 1985, Rounder ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde. Àwọn kan a máa bínú sí èyí. Èmi kò bá wọn bínú. Púpọ̀ nínú ohun tí àlejò rà, orí ààtàn ni ìbá lọ. Àwo tí ó wà níbi tí ó tutù, tí eruku kò dé, tí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti rí ìtọ́jú ju èyí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn wa lọ.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwo nìkan ni a lè rà. Àwo àpàlà, sákárà tàbí jùjú kún fún orúkọ: orúkọ oníṣòwò aṣọ, orúkọ awakọ̀, orúkọ ìyálọ́jà, orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ti tú ká. Kò sí ìwé tí a kọ àwọn wọ̀nyí sí. Nígbà tí akọrin pe ẹnì kan ní ọmọ ibi báyìí, tí ó fi í ṣẹ̀fẹ̀ nípa ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, gbogbo ará ọjà rẹ́rìn-ín nígbà náà, nítorí wọ́n mọ ọ̀ràn náà. Àwa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lónìí, a kò rẹ́rìn-ín. Àwo tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní kú. Ẹni tí ó mọ ẹni tí orin náà ń kì, tí ó mọ ìdí ẹ̀rín náà, Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó wà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tí ó ti lọ bi í léèrè.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin olùwòran bá ní àwo nílé, tàbí tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ gbé àwo dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má tò wọ́n lérí ara wọn, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn bà wọ́n. Ẹ má ṣe fi spírítì nu àwo onífífọ́. Oje kòkòrò yẹn yóò yọ́ ni. Omi tútù díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ti tó, kí ẹ má sì jẹ́ kí bébà àárín rẹ̀ rin. Abẹ́rẹ́ àwo onífífọ́ tóbi, ti àwo onírọ́bà kéré. Ẹ má lo ọ̀kan fún èkejì, ọ̀kan nínú wọn yóò jìyà. Bí ẹ bá ti rí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó dára, ẹ gba ohùn àwo náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa gbọ́ ẹ̀dà, kí àwo fúnra rẹ̀ sì sinmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ohun tí ó wà lórí bébà sínú rẹ̀ bí ẹ ti rí i, àṣìkọ àti gbogbo rẹ̀, ẹ má tún un ṣe. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì. Ẹ kọ ilé tí ẹ ti rí àwo náà àti ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀. Kí ẹ wá gbé ẹ̀dà ohùn náà lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan ní ìlú tí orin náà dárúkọ, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì máa dá a dúró ní gbogbo ibi tí orúkọ bá ti jáde. Bí bàbá tàbí ìyá náà bá rẹ́rìn-ín, ẹ bi í pé kí ni ó pa á lẹ́rìn-ín. Bí ó bá ní, "Ẹni yìí, mo mọ ilé rẹ̀," ẹ bi í ní orúkọ àdúgbò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.